Akọ Igbó Kan Ṣoṣo

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo mu igbó láyé mi. Mo wà ní Poly nígbà náà, ọmọ ogún ọdún. Mo fà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì bì gbogbo ẹ̀wà tí mo jẹ lọ́jọ́ náà sẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì. Láti ọjọ́ yẹn, òórùn rẹ̀ nìkan ti tó mi. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìtàn ọ̀mugbó ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ irúgbìn ni.

Mo gbin igbó mẹ́ta sí yàrá abẹ́ ilé wa ní Ellenwood lẹ́bàá Atlanta, ní àdúgbò tuntun kan tí gbogbo ilé ibẹ̀ jọra bíi búrẹ́dì inú páálí, tí wọ́n á kọ lẹ́tà sí ọ bí koríko iwájú ilé rẹ bá fi ìka kan ga ju tàwọn yòókù lọ. Òfin Georgia kò gbà pé kí èèyàn gbin ín sínú ilé rẹ̀. Mo mọ̀. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹ̀rọ amúlétutù ni mo ń tún ṣe jẹun, mo sì ti fi ìwé sílẹ̀ láti di ọmọ ilẹ̀ America, ìwé tí ọ̀ràn kékeré kan lè sọ di tákàdá lásán. Ẹni tó bá ní orí mi kò pé kò purọ́ mọ́ mi.

Bàbá mi ló ni irúgbìn náà. Oko kòkó ni wọ́n ní lẹ́bàá Oǹdó, ṣùgbọ́n kòkó kọ́ ló san owó iléèwé mi. Ní àárín kòkó, níbi tí òòrùn ti ń ráyè wọlé, ni wọ́n ń gbin igbó sí. Irú ìbílẹ̀ ni, èyí tí àwọn tó mọṣẹ́ rẹ̀ níbí ń pè ní landrace, tí kò tíì dà pọ̀ mọ́ irú mìíràn. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ewé rẹ̀ gùn, ó sì tín-ín-rín bí ìka arúgbó. Kì í kánjú rárá. Irú mìíràn á ti dé ọjà, òun á ṣì máa tanná. Àwọn àgbà ní àwọn sójà tó ti ogun Burma dé ló mú un wọ ìlú wa. Bóyá òótọ́ ni, bóyá ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi rù ni wọ́n ń wá. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni pé lọ́dọọdún, lẹ́yìn òjò ńlá, bàbá mi á rìn yí oko náà ká, wọ́n á máa fi ọwọ́ ra òdòdó rẹ̀, wọ́n á sì máa gbóòórùn àtẹ́lẹwọ́ wọn. Èyí tí òjò kò bá mú rà, tí òórùn rẹ̀ sì dà bí èèpo ọsàn, òun ni wọ́n máa ń gba irúgbìn rẹ̀. Ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá mi kò kàwé, wọn kò kọ́lé alárà, wọn kò joyè. Igbó yẹn ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Mo wà ní ọdún kejì ní Poly nígbà tí àwọn agbófinró dé, tí wọ́n dáná sun oko, tí wọ́n sì mú bàbá mi níbẹ̀ ní òun nìkan. Ọdún mẹ́rin ni bàbá mi lò lẹ́wọ̀n. Nílé wa, a kì í pe ẹ̀wọ̀n lẹ́wọ̀n. Ìyá mi ní kí a máa sọ pé bàbá wa rin ìrìnàjò. Ikọ́ ni wọ́n mú ti ìrìnàjò náà bọ̀.

Mo rò pé ó tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ dágbére fún wọn kí n tó wá sí America, bàbá mi ní kí n bá wọn lọ yẹ pàkúté wò. A kọjá odò, a dé ibi tí ìyá mi kì í dé, mo sì rí igbó mẹ́fà tó dúró láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀: akọ méjì, abo mẹ́rin. Bàbá mi kì í tà á mọ́. Wọ́n kàn ń gbin díẹ̀ lóòrèkóòrè kí irúgbìn má bàa kú sínú ìgò ni.

"Má sọ fún ìyá ẹ," ni wọ́n wí. Mi ò sọ.

Nígbà tí bàbá mi kú, fìdáù ọjọ́ kẹjọ ni mo bá. Nínú àpótí wọn ni mo ti rí ìgò oògùn ikọ́ kan tí irúgbìn mẹ́rìnlélógún wà nínú rẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ, nítorí pé ẹsẹ̀ bàbá mi kò gbé wọn kọjá odò mọ́ nígbà ogbó. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà lábúlé bóyá irú rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Irú òyìnbó ni wọ́n ń gbìn báyìí, èyí tó kúrú, tó tètè ń tó tà.

"Ti bàbá yín?" Ọ̀kan nínú wọn ló sọ ọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ti parẹ́."

Bí mo ṣe gbé ìgò náà dé Atlanta, ẹ jẹ́ kí ìyẹn jẹ́ tèmi.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ ní àárọ̀ tí mo sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe fún un. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà kan, ó gbàgbé èkejì.

"Daddy, ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n lè gba license mi? Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n lè deport yín?"

"Mo mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Kí n ṣáà rí irúgbìn tuntun gbà."

"Fún kí ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò mu sìgá!"

Mo ní iṣẹ́ bàbá mi ni. Ó wò mí títí, ó ní, "One time. Tó bá fi máa di January, everything máa kúrò nílé yìí, whether it works or not. Mi ò bá yín ṣeré o."

Mo kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún sínú tíṣù tútù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó gbọ́n á ní kí n fi díẹ̀ pamọ́. Irúgbìn tó ti pẹ́ tó yẹn, kí lèèyàn fẹ́ fi pamọ́ nínú rẹ̀? Mọ́kànlélógún jẹrà. Mẹ́ta hù. Mo gbé wọn sínú ìkòkò ńlá mẹ́ta, mo so iná sórí wọn, nítorí pé irú tiwa kò mọ ilẹ̀ òtútù. Bí o bá gbin ín síta ní Atlanta, á máa dúró de ọjọ́ kúkúrú bíi ti Oǹdó kó tó tanná, nígbà tó bá sì fi máa tanná tán, ìrì dídì á ti pa á. Nínú ilé, wọ́n ga títí wọ́n fi kan àjà, mo sì ń tẹ orí wọn ba díẹ̀díẹ̀. Mo máa ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá mi dé ní oṣù keje nítorí orúnkún wọn. Mo ti ra ẹ̀rọ tó ń fa òórùn, mo ti fi téèpù di etí ilẹ̀kùn, mo sì ti kọ́ irọ́ nípa yàrá tí mo ń kó irinṣẹ́ sí. Màámi wọlé, wọ́n gbé báàgì sílẹ̀, wọ́n dúró díẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tó lọ sísàlẹ̀, imú wọn sì gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ibi tí wọ́n ti máa ṣàlùwàlá.

Wọn kò sọ nǹkan kan lọ́sẹ̀ náà, wọn kò sọ lóṣù náà. Wọ́n ń bá ìyàwó mi lọ sí mọ́sáláṣí ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n ń rojọ́ òtútù tí kò tíì dé. Ẹ̀rù ìyá mi bà mí ju ti ọlọ́pàá lọ, nítorí èmi ni mo mọ bí wọ́n ṣe kórìíra ewé yẹn tó. Ọdún mẹ́rin tí bàbá mi fi wà lẹ́wọ̀n, Màámi kò wọ aṣọ tuntun, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ewé gbígbẹ dáná nítòsí wọn.

Ní ìparí oṣù kẹsàn-án ni àwọn mẹ́ta náà fi ara wọn hàn. Báyìí ni igbó rí: akọ lọ́tọ̀, abo lọ́tọ̀, bíi ti ìbẹ́pẹ, èèyàn kì í sì í mọ èwo ni èwo títí tí wọ́n á fi fẹ́ tanná. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ abo, irúgbìn kò sí. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ akọ, irúgbìn kò sí. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo fi tọ́ọ̀ṣì wò wọ́n. Méjì ti yọ irun funfun wínníwínní: abo. Ẹ̀kẹta so kórókóró kéékèèké tó rọ̀ wálẹ̀: akọ. Mo lọ jókòó sínú ọkọ̀ mi ní gáréèjì, mo sunkún bí ọmọdé. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan tàbí díẹ̀ sí i kí kórókóró wọ̀nyẹn tó là, kí wọ́n tú ìyẹ̀fun sára abo, kí àwọn abo sì so.

Ọjọ́ kejì ni iṣẹ́ gbé mi lọ sí Augusta, ẹ̀rọ hòtẹ́ẹ̀lì kan tó bàjẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta. Mo bomi rin wọ́n, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ síbi tó máa ń wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì.

Nígbà tí mo padà dé ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, ẹnu ọ̀nà ni ìyá mi ti pàdé mi. Ara wọn yá gágá. Mi ò rí wọn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n fà mí sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹni tí orúnkún ń dùn, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà bí ẹni tó fẹ́ fi ọmọ tuntun hàn mí. Wọ́n ti gbá ilẹ̀. Wọ́n ti fi ṣíbí tú iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò. Wọ́n ti ya ìborùn wọn àtijọ́ kan, wọ́n fi so àwọn abo méjèèjì mọ́ ọ̀pá kí wọ́n má bàa wọ́. Ìkòkò kẹta ṣófo, iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Màámi, ìkẹta dà?"

"Akọ ni. Mo ti bá ọ fà á tu. Ó kù díẹ̀ kó tú ìyẹ̀fun lé àwọn tó dára lórí kó bà wọ́n jẹ́, kí wọ́n di oníkóró tí ẹnikẹ́ni kì í rà. Ṣé o ò rí i ni?"

Wọ́n ń wò mí, wọ́n ń retí kí n kí wọn kú iṣẹ́.

"Níbo lẹ jù ú sí?"

"Inú pàǹtí. Àwọn tó ń kó o ti wá láàárọ̀."

Mo sáré jáde. Mo dojú ike ìdọ̀tí náà bolẹ̀, mo ki orí bọ inú rẹ̀. Ewé kan ṣoṣo ló lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin òdìkejì títì tó ń gé koríko juwọ́ sí mi, mo sì ju ọwọ́ padà sí i pẹ̀lú ewé yẹn nínú ìkúùkù mi. Inú mi gbóná débi pé mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́.

Mo padà bá ìyá mi nísàlẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kàn án?"

"Bàbá ẹ ló kọ́ mi," ni wọ́n dáhùn. Ẹ̀rín ti ń kúrò lójú wọn. "Iṣẹ́ àwa obìnrin ni lóko. Tá a bá ti rí akọ, a ó fà á tu. Gbogbo rẹ̀."

"Tí ẹ bá fa gbogbo akọ tu, níbo ni irúgbìn ọdún kejì ti ń wá?"

Wọ́n yíjú sí ìkòkò òfìfo náà. Mo rí i pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ilé ọkọ, wọn kò bi ara wọn ní ìbéèrè yẹn rí.

"Bàbá ẹ ló ń mú un wá. Mi ò bi wọ́n."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti pa ẹnu mi dé. Mo ní òdìkejì odò ni bàbá mi ń tọ́jú akọ sí, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bu ìyẹ̀fun wá fún abo tí wọ́n bá yàn. Mo ní kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti ẹ̀wọ̀n dé, wọn kò jáwọ́. Pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ní àwọn ń lọ yẹ pàkúté, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Ìyá mi fara ti ògiri, wọ́n rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Abájọ," ni wọ́n wí pẹ̀lẹ́. "Ẹran kan ò wọlé rí."

Ká ní mo rẹ́rìn-ín ni, bóyá ọjọ́ náà ì bá tún ṣe. Ṣùgbọ́n mo sọ ohun tí mo sọ. Mo ní, "Ẹ ti parí ohun tí ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ pa bàbá mi tán."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ìyá mi kò sunkún. Wọ́n wo ọwọ́ wọn, tí oje ewé ti sọ di dúdú, wọ́n sì sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

"Ọdún tí wọ́n mú bàbá ẹ, mi ò bá wọn dé oko. Mo ti bínú. Mo ní mi ò ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Ká ní mo wà níbẹ̀ ni, mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà oko, ǹ bá ti ké sí wọn. Àwọn ọlọ́pàá bá bàbá ẹ lóun nìkan. Nígbà tí mo gbóòórùn ẹ̀ níbí, mo gbàdúrà sí i fún oṣù méjì. Mo ní mi ò ní jẹ́ kí ìwọ náà dá wà nídìí ẹ̀."

Mo gòkè lọ, mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Títí dòní, inú ara mi ń bí mi pé mo gòkè lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì ni Màámi ní àwọn fẹ́ máa lọ sílé. Ìyàwó mi bẹ̀ wọ́n, èmi ò bẹ̀ wọ́n. Ní pápákọ̀ òfurufú, lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti àwọn àgbà, wọ́n ní, "Má bínú, ọkọ mi." Èmi ló yẹ kí n sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ bá mi kí ilé."

Ìrètí kan ló kù. Àwọn tó mọṣẹ́ ní bí ìyà bá ń jẹ abo, tí kò rí akọ, nígbà mìíràn á so òdòdó akọ kan tàbí méjì lára ara rẹ̀, kó lè fi bímọ. Mo fi ìyà jẹ wọ́n. Mo fi omi dù wọ́n, mo tan iná nígbà tí kò yẹ, mo fi dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá yẹ gbogbo ẹ̀ka wò, àárọ̀, alẹ́. Òdòdó akọ kan kò yọ. Àṣé irú èyí tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi máa ń fà sọnù lọ́dọọdún, nítorí kò ṣe é fọkàn tán. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ wọn dáadáa jù.

Mo lè gé ẹ̀ka wọn kí n tún un gbìn, kí n máa gbé abo kan náà káàkiri títí láé. Ṣùgbọ́n mo ti ṣe ìlérí. Nígbà tí January wọlé, ìyàwó mi kò rán mi létí. Ó kàn ra àpò pàǹtí dúdú, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì lọ síbi iṣẹ́. Èmi ni mo gé wọn. Mo fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ náà. Ìyàwó mi ṣe ọbẹ̀ ata tí mo fẹ́ràn nígbà tó dé, ó sì jókòó tì mí. Mo mọ̀ pé ó ń kẹ́dùn fún mi, ṣùgbọ́n mo tún rí i pé ó mí kanlẹ̀, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Mo búra di ọmọ America nígbà ooru. Wọ́n fún wa ní àsíá kékeré. Mo pe ìyá mi láti sọ fún wọn, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n béèrè bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, ojú ọjọ́ nìkan ni a máa ń sọ. Mo ti fẹ́ gé fóònù nígbà tí wọ́n ní, "Dúró."

Mo ń gbọ́ èémí wọn.

"Àwọn abo yẹn. Mo ti ń rò ó. Ṣé kò lè jẹ́ pé ìyẹ̀fun ti bà wọ́n kí n tó fà á tu? Díẹ̀ péré?"

Bí ọmọdé tó ń dúró de pàṣán ni ohùn wọn rí. Ìyá tó bí mi. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin.

"Ó bà wọ́n, Màámi," ni mo wí. "Wọ́n so."

Mo gbọ́ tí wọ́n bú sẹ́kún. "Alhamdulillahi," ni wọ́n ń wí, "Alhamdulillahi Rabbil Alamin." Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bi mí bóyá irúgbìn náà pọ̀, bóyá ó tóbi, bóyá ó ní ilà lára bíi ti bàbá mi. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Mo ní ó pọ̀. Mo ní ó ní ilà.

"Nígbà tó o bá ń bọ̀ wálé," ni wọ́n wí, "mú díẹ̀ bọ̀ wá fún mi. Mo kàn fẹ́ dà á sí àtẹ́lẹwọ́ mi ni, kí n rí i."

Mo ní máa mú un bọ̀.

Ara Màámi yá nísinsìnyí. Wọ́n ń pè mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a sì ń sọ ọ̀rọ̀ tó ju ojú ọjọ́ lọ, wọ́n sì ń béèrè ọjọ́ tí mò ń bọ̀. Ìwé ìrìnnà tuntun ti wà lọ́wọ́ mi, kò sí ohun tó dá mi dúró. Lánàá, ìyàwó mi ní òun ti rí tíkẹ́ẹ̀tì December tí kò wọ́n, ṣé kóun rà á?

Mo ní iṣẹ́ pọ̀.